Ìwọ̀n Èémí Bàbá

Pobè, ọjọ́ ogún oṣù kìíní, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi, Fòfó Léonce,

Mo kí yín láti ilé. Mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gé gẹdú nínú igbó Gabon, mo kí ẹsẹ̀ yín tó ń tẹ ẹrọ̀fọ̀. Bàbá wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí ẹ lè fara balẹ̀ ka ìyókù.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá bọ́ sí ìlú tí ẹ pè wá, Tántì Victorine á ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́ yín, Bàbá náà á sì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ lójú wọn. Pacôme tó ń kó ọjà lọ sí Libreville ń padà lọ́la. Òun ni mo fi ìwé yìí rán.

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Eruku bo gbogbo ọ̀nà láti Kétou dé Sakété, ewé ọ̀pẹ pàápàá pọ́n. Ẹ mọ ikọ́ Bàbá, ikọ́ tó ti wà lára wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń sun èédú ní Issaba, tí gbogbo wa sì ti gbà pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ó di pé wọn kò lè parí ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ omi?", wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀," wọ́n á mí, wọ́n á mí, kí wọ́n tó ní, "ni." Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Tántì ní a dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n òun rí oorun sùn. Èmi wo èékánná wọn. Ó ti dúdú bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ aró. N kò dúpẹ́.

A gbé wọn kúrò ní Pobè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Cotonou. Àwọn dókítà fi oògùn mú wọn sùn, wọ́n ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun wọn, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ kan. Fòfó, ẹ̀rọ náà ló ń mí, Bàbá kọ́. Àyà wọn á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń fín ẹwìrì. Tántì wọlé, wọ́n rí i, wọ́n tú gèlè, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti lọ, òkú ni wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́. Mo ní, "Tántì, ẹ wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn." Ó ń mì. Tántì wò ó títí, wọ́n sì wé gèlè wọn padà.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà, ohùn Bàbá há. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ta ló ń ṣọ́ èédú?"

Dókítà Armelle, obìnrin tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró, pè mí jókòó. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró Bàbá ti di ẹwìrì tó gbó: afẹ́fẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í jáde tán. Èémí àlòkù á wá máa gbé inú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń kùn wọ́n lóorun. Kò sí oògùn tó lè sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń lò nílé. Ìbòmú ni wọ́n ń dè mọ́ ojú, ẹ̀rọ á máa ti afẹ́fẹ́ wọlé, kò ní rọ́bà lọ́fun. Ẹni tó bá ń fi í sùn lójoojúmọ́ lè pẹ́ láyé dáadáa. Láìsí i, ó ní òun kò lè ṣèlérí ọyẹ́ tó ń bọ̀.

Ẹ̀rọ náà ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé mo bẹ̀.

Àbúrò yín,
Arlette


Àgọ́ gẹdú, Gabon, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, 2024

Arlette,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Orí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ni mo jókòó sí kà á. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n yọ rọ́bà lọ́fun Bàbá tán ni èmi àkọ́bí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé wọ́n fi rọ́bà sí i? O dákẹ́ jù, ọmọ yìí. Bí ilé bá ń jó, wàá kọ́kọ́ fọ àwo tán.

Mo ti rí ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá wa mọ ilé ìwòsàn kan ní Libreville tó ń pààrọ̀ tiwọn sí tuntun. Crépin, ọmọ Sakété tí a jọ ń sùn nínú àgọ́ kan, bá mi lọ wò ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó mí sí wa lójú. Mo fi ẹ̀rọ kejì tì í, èyí tó ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ lásán. Kúbùsù mi ni mo fi wé méjèèjì. Sọ fún Pacôme pé bó bá jẹ́ kí wọ́n fi orí balẹ̀, kó má wá sí Gabon mọ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Ọ́síjìn yẹn, ẹ ṣí i. Ẹ ṣí i dé òpin. Crépin ní nígbà tí àyà dí ìyá òun, bí wọ́n ṣe ṣí i tó ni ara ṣe tù ú tó. Èmi kò wá jẹ ìyà nínú igbó yìí kí Bàbá mi máa fi ṣíbí mu afẹ́fẹ́.

Kí Tántì fún mi. Kí gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Léonce


Pobè, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, 2024

Fòfó mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹrù yín dé láìfarapa. Orí itan ni Pacôme gbé e lé láti Cotonou. Nígbà tí awakọ̀ ní kó jẹ́ kí òun gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ gbé ìyá tirẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé e lọ bá Dókítà Armelle. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pààrọ̀ ìbòmú àti asẹ́ rẹ̀, ó tẹ ìwọ̀n tó bá Bàbá mu sí i, ó sì kọ́ mi. Gédéon tó ń ṣe iṣẹ́ iná ti so bátìrì mọ́ ọn nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ.

Bàbá kọ̀. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n bá fi bo èèyàn lẹ́nu, ọjọ́ tó bá ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láyé ni." Tántì ní òótọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé Tántì pẹ̀lú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti Bàbá pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn ikú àti ìyè. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan.

N kò bá wọn jiyàn. Mo de ìbòmú náà mọ́ ojú ara mi, mo jókòó síwájú Bàbá níbi tí wọ́n ti ń jẹ iṣu sísun, mo tan ẹ̀rọ, mo ń mí. Wọ́n wò mí, wọ́n gbójú kúrò, wọ́n tún wò mí.

"Ṣé ó dùn ni?"

Mo yọ ọ́. "Ó dà bí ìgbà téèyàn bá yọ orí síta lójú fèrèsé ọkọ̀ tó ń sáré."

"Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?"

"Wọ́n fi ń sùn, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n gbé e wá. N kò dè é. Geneviève, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Pobè, ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e sí imú, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè yọ ọ́ nígbàkigbà. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè jáde kì í bẹ̀rù yàrá. Ọjọ́ tí ọwọ́ wọn rọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀ ni mo de okùn rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ń fi í sùn. Orí kì í fọ́ wọn láàárọ̀ mọ́. Bàbá ń pè é ní ìyàwó kékeré. Wọ́n ní ó ń kùn láti ìgbà tí àwọn bá dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sá lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yín. Fòfó, n kò ní ṣí i. Gíláàsì kékeré kan wà lára ẹ̀rọ ọ́síjìn, bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ ń léfòó nínú rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kọjá ilà kìíní. Ohun kan tún wà tí a ń fi há ọmọ ìka wọn, tó ń ka iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀; nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín méjìdínláàádọ́rùn-ún sí méjìléláàádọ́rùn-ún. Ẹ má wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ le, tí tirẹ̀ ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún. Ara Bàbá ti mọ́ èyí lára. Bí a bá rọ ọ́síjìn sí i, ara á rò pé ó ti tó, kò ní mí jinlẹ̀ mọ́, èémí àlòkù á sì kún ẹ̀jẹ̀. Èémí àlòkù náà ló mú wọn sùn nínú ọyẹ́. Kì í ṣe ahun. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún Tántì. Wọn kò gbà á lẹ́nu mi.

Arlette


Àgọ́ gẹdú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 2024

Arlette,

N kò tíì rí ìwé kankan gbà láti ìgbà tí mo ti fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Tántì ni mo bá sọ̀rọ̀ nígbà tí a bọ́ sí ìlú. Ṣé òótọ́ ni pé o ń fún ọ́síjìn Bàbá mọ́lẹ̀? Tántì ní bí àwọn bá fọwọ́ kàn án, o máa ń dá a padà, o kì í sì í sọ nǹkan kan. Wọ́n ní o ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ epo.

Ta ló rán ọ? Mo ti sọ fún Tántì pé kí wọ́n máa ṣe ìtọ́jú ẹ̀rọ yẹn láti òní. Àgbà ni wọ́n. Ìwọ máa ṣe ìwọ̀nba tí wọ́n bá ní kí o ṣe.

Léonce


Pobè, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, 2024

Fòfó Léonce,

Mo kí yín. Bàbá jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí, wọ́n sì bá Tántì jà lórí àkàrà. Ẹ fọkàn balẹ̀ kí ẹ tó ka èyí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn ará ilé Màmá wa wá láti Takon láti kí Bàbá. Wọn kò tíì tẹ ilé wa láti ìgbà tí a ti sin Màmá. Mo wà níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì. Tántì gbálẹ̀, wọ́n to àga, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́ fún Bàbá. Ọ́síjìn wà nímú Bàbá, bọ́ọ̀lù wà ní ilà kìíní. Ọ̀ṣuntóyìn, ẹ̀gbọ́n Màmá, ló tọ́ka sí gíláàsì náà: "Victorine, kí ni èyí ń ṣe nísàlẹ̀ báyìí? Ṣé kò lè gòkè ni?"

Tántì ní, "Ó lè gòkè o." Wọ́n sì yí i dé òpin.

Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí àlejò bá wá kí aláìsàn, a kì í jẹ́ kí wọ́n bá ife rẹ̀ lágbede méjì, pàápàá àna. Ohun tí wọ́n bá rí tí a ń wọ̀n, wọ́n á ní à ń ṣahun rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà sì ti pàṣẹ fún Tántì.

Ó kọ́kọ́ dára. Tántì fúnra wọn ló sọ fún mi. Ètè Bàbá pọ́n, wọ́n sọ̀rọ̀ gígùn láìdánu dúró, wọ́n fi àwọn àna ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní Gabon. Lẹ́yìn náà Bàbá ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n sì sùn lórí àga.

Nígbà tí mo dé, àwọn àlejò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tántì fi ìka kan ètè sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi ń sinmi." Mo wo bọ́ọ̀lù. Mo wo ọwọ́ Bàbá. Ó gbóná, ó sì ń fò fìrì lórí itan wọn bí ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n so. Mo pè wọ́n. Wọ́n la ojú kan, wọ́n tún pa á dé.

N kò pariwo. Mo dá bọ́ọ̀lù padà sí ilà kìíní; n kò pa á, torí Dókítà ní a kì í já a gbà lójijì. Mo gbé Bàbá nà ró, mo de ìbòmú mọ́ wọn, mo tan ẹ̀rọ mímí. Mo pe Geneviève. Ọkọ̀ àwọn àna la fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ wà lórí itan mi, bátìrì wà lẹ́sẹ̀ mi. Geneviève àti èmi ń fọwọ́ di etí ìbòmú náà mú kí afẹ́fẹ́ má baà yọ́ jáde. Ọwọ́ mi kú tipiri. Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí Bàbá tó la ojú méjèèjì. Wọ́n wo gbogbo wa yíká. Mo ṣí ìbòmú díẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn ará Takon ti jẹun?"

Tántì jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo lọ bá wọn.

"Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi fún un, Arlette."

"Mo mọ̀, Tántì."

"Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ǹ bá fún un."

"Mo mọ̀."

Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé, wọ́n sì gbọ́ mi dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún Léonce?"

Èmi ni mo ń sọ ọ́ yìí. Ẹ kọ̀wé sí mi pé kí Tántì máa ṣe ìtọ́jú ẹ̀rọ. Tántì fúnra wọn kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kọ àṣẹ yín. Bàbá wà láàárín. Fòfó, ta ni yóò dúró nídìí ẹ̀rọ yìí? Ẹ dá mi lóhùn kan, kí ó yé gbogbo ilé.

Arlette


Pobè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje, 2024

Fòfó mi,

Pacôme lọ, ó bọ̀, kò mú nǹkan kan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kò sì pè. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ bínú sí mi, kí ẹ má bínú sí Tántì. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, ẹ jẹ́ kí Crépin kọ ìlà kan péré sí wa.

Bàbá ń rìn dé ìdí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á dúró lẹ́ẹ̀kan lọ́nà, wọ́n á ní àwọn ń wo èso rẹ̀. Dókítà Armelle yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó ní èémí àlòkù inú rẹ̀ ti dínkù gan-an. Èmi ni mo ń ṣe ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n mo ń ṣe é bí olè, torí n kò gba àṣẹ.

Arlette


Àgọ́ gẹdú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, 2024

Arlette,

Wọ́n kó wa wọ inú igbó tó jìn sí i, afárá sì gé lẹ́yìn wa. Ìwé rẹ mẹ́ta ni mo gbà lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ lé orí aṣọ tí a sá. Èyí tó jẹ́ ti oṣù kẹta ni mo kọ́kọ́ kà. Mo kà á dé ibi iyọ̀ inú ọbẹ̀, mo ti mọ ohun tí màá bá nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo fún Crépin kà. Nígbà tó kà á tán, ó ní ó lè jẹ́ pé àìsàn ìyá òun yàtọ̀. A kò jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ka èyí sókè sí etí Bàbá àti Tántì: láti òní, ohun tí Arlette bá sọ lórí ẹ̀rọ méjèèjì, èmi ni mo sọ ọ́. Bí àna bá wá, bí wòlíì bá wá, bí èmi gan-an bá pè láti Gabon tí mo ní kí ẹ ṣí i, Arlette ni kí ẹ bi.

Ìyókù yìí, má kà á sókè. N kò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti ka ìwé náà. Ṣé Tántì ń jẹun?

Léonce


Pobè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, 2025

Léonce ọmọ mi,

Èmi Fádèyí, bàbá rẹ, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Arlette ló ń kọ ọ́. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dára jù, òun ló tún un ṣe.

Ọyẹ́ ti dé, ó sì wá mi wá. Ọ̀fìnkìn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé àyà mi dí bí ẹnu ihò tí wọ́n fi òkúta tì. Àbúrò rẹ kò dúró kí èékánná mi dúdú. Ó ní ìyàwó kékeré kò ní í ṣe ti alẹ́ nìkan mọ́, kí n fi í mí lọ́sàn-án náà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Pobè, a gba oògùn, a lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun. Kò sẹ́ni tó gbé mi lọ sí Cotonou. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ ilé. Arlette ní kí n sọ pé òun dì mí mú. Ó dì mí mú.

Àwọn ará Takon tún wá. Victorine dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n òun ní nǹkan púpọ̀, kó gbé iṣu kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n nílé yìí. N kò mọ̀ pé obìnrin yìí lè sọ̀rọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Mo mọ ìgbà tí ẹ̀yin ọmọ Gabon ń wálé. Ìgbà ìsìnkú ni. Ẹ ó pa màlúù, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó máa bá ẹni tí kò lè dá yín lóhùn sọ̀rọ̀. Èmi kò ṣe òkú lọ́dún yìí. Àbúrò rẹ ti ba ìyẹn jẹ́ fún ọ. Wá nígbà iṣu tuntun. Bí o bá bá mi nínú ìbòmú, má ṣe retí pé màá kí ọ, jókòó síbẹ̀. Bí mo bá mí tó, màá yọ ọ́, màá sì bú ọ dáadáa fún gbogbo ọdún tí o fi gbé igbó.

Bàbá rẹ


Àgọ́ gẹdú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ọ̀gá ti fún mi láyè. Oṣù kẹjọ ni màá dé, èmi àti Pacôme nínú ọkọ̀ kan náà. Kò sí màlúù. Ẹ kó èébú yín jọ dè mí.

Arlette, ìyókù jẹ́ tìrẹ. Láti ọdún kan sẹ́yìn, ìwọ lò ń sùn lẹ́bàá ẹ̀rọ yẹn, tí ò ń fetí sí i bóyá ó yí ohùn padà. O kò sọ ọ́ nínú ìwé kankan. Láàárín ìlà ni mo ti kà á. Bí mo bá dé, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń de ìbòmú náà. Fi hàn mí ibi tí okùn rẹ̀ ń gbà lẹ́yìn orí, bí ó ṣe yẹ kó le tó, kí ó má le jù. N kò ní pàṣẹ. Màá máa wò ọ́ lọ́wọ́ ni. Alẹ́ tí o bá ti rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, gbé ẹní rẹ lọ sí yàrá Tántì, kí o sì sùn títí oòrùn yóò fi wọlé bá ọ.

Léonce